Ìwé Méjìlélógójì Tí Fadérera Fi Rúbọ

Ìwé méjìlélógójì ló kó ìdààmú bá Fadérera, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wá kọ́ṣẹ́ ìwádìí ní Arárọ̀mí nígbà ọlidé òjò. Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ni òun àti Ìṣọ̀lá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń kọ́. Olùkọ́ wọn rán wọn sí àwọn opó tó ń ṣe epo pupa ní ẹbu, kí wọ́n lọ wádìí bí ìbànújẹ́ ṣe ń bá wọn jà àti irú ìrànlọ́wọ́ tó yẹ wọ́n. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù nínú àwọn méjèèjì ni wọn yóò gbà síṣẹ́ ìwádìí ní ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ohun tí Fadérera fẹ́ tó iṣẹ́ náà láyé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìbéèrè méjìlélógójì tó kọ, ohun kan náà ni gbogbo opó ń sọ fún un: "A dúpẹ́. Kò sí wàhálà." Olùkọ́ wo àwọn ìwé náà, ó ní òun kò tíì rí ìlú tí opó kì í ti í sunkún.

Fadérera tọ èmi, ìyá olórìṣà ìlú náà, wá, Ìṣọ̀lá sì bá a wá. Obì ni èmi fi ń bi Òrìṣà léèrè, ọjọ́ ti pẹ́. Mo da obì, obì yàn.

"Ire ń bẹ níwájú yín," ni mo wí, "ṣùgbọ́n ẹ óò rúbọ. Àwọn ìwé tí ẹ ti kọ ni ẹbọ. Ẹ kó wọn sílẹ̀ fún Òrìṣà, ẹ má padà mú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣiṣẹ́ ní ẹbu fún ọjọ́ méje, kí ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan."

Omi bọ́ lójú Fadérera. "Ìyá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Bí mo bá kó èyí sílẹ̀, kí ni n óò gbé lọ?"

"N kò mọ̀. Ohun tí obì wí ni mo sọ."

Ìṣọ̀lá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ má bínú o. Kọ̀ǹpútà ni yóò ka tèmi, kì í ṣe Òrìṣà." Ó bá tirẹ̀ lọ. Inú bí mi, n kò ní purọ́.

Fadérera kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ró ìró, ó wọ ẹbu, ó ń ṣa ẹyìn, ó ń pọnmi. Fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ní ọjọ́ karùn-ún, Ìyá Àdùnní, tí ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, dédé sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò. Ó ní títí di òní, abọ́ méjì ni òun ṣì ń bu oúnjẹ sí. Òmíràn ní òun kò lè sùn lórí ibùsùn mọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni òun ń sùn. Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn nìyẹn. Fadérera sunkún pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, ó tọrọ àyè kí ó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, wọ́n sì gbà fún un.

Ọjọ́ ìjábọ̀ kò, olùkọ́ sì pe àwọn opó náà wá sí gbọ̀ngàn. Ìṣọ̀lá ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi àwòrán aláràbarà hàn, ó ní ọkàn àwọn opó Arárọ̀mí balẹ̀, wọn kò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan.

Ìyá Àdùnní nàró. "Ọmọ mi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà. Ẹ ní ẹ dúpẹ́."

"Orí ìdúró lo wà, o mú bírò lọ́wọ́. Ṣé kí n wá máa sunkún fún àlejò tó ń kánjú ni?"

Ìṣọ̀lá jókòó. Fadérera ka tirẹ̀, àwọn opó sì ń mi orí títí ó fi parí. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbà á síṣẹ́. Wọ́n sì dá ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìyá náà.

Ní ọjọ́ kejì, Ìṣọ̀lá wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹbọ ṣì lè gbà.

"Ẹbọ ṣì lè gbà," ni mo dá a lóhùn. "Àyè náà ni kò sí mọ́."

Fadérera gbọ́, ó rú u, ọ̀nà là fún un. Ìṣọ̀lá gbọ́, ó fi rẹ́rìn-ín, àbámọ̀ ló gbé relé.