Fadérera Jó Dé Iwájú Pẹpẹ

Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìyá Fadérera bí tirẹ̀, ó sì mọ bó ṣe ń ta ni lára.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n ń fi oṣù ìbí pe àwọn ọmọ ìjọ jáde láti jó dúpẹ́. Nígbà tó kan oṣù Kẹrin, Ìyá Fadérera mú ọmọ rẹ̀, tí orí rẹ̀ ti dàrú láti èṣí, lọ́wọ́ jáde. Ó ti dirun fún un, ó sì ti wọ̀ ọ́ láṣọ tuntun. Bí Fadérera ṣe ń jó ló ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ni àwọn akọrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ nawọ́ dá ìyá àti ọmọ dúró.

“Ìyá Fadérera, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó fa àìsàn yìí.”

“Bàbá, ẹ̀yin ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ààfáà àdúgbò wa ní ìdánwò Ọlọ́run ni. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni. Èmi ò mọ ibi tí àìsàn ti wá, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí Fadérera ti wá. Nígbà tí wọ́n bi Jésù ní irú ìbéèrè yìí nítorí afọ́jú, ṣé kò sọ pé afọ́jú náà kò ṣẹ̀, òbí rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ ni?”

Bàbá Ìjọ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì yà lọ́nà kí Fadérera lè jó lọ síwájú pẹpẹ. Ìyá Fadérera kọjú sí àwọn akọrin.

“Wọ́n ní wèrè dùn ún wò. Ẹ máa wò ó. Èmi tí mo bí i náà ń wò ó, ó sì dùn ún wò lójú mi.”