Ohun Tí Agbẹ̀bí Ìdíàpá Sọ Kọjá Odò

Ní Ìdíàpá, ìlú etí odò, agbẹ̀bí kan wà tí ń jẹ́ Fátúnkẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọmọ ìlú gbà wáyé, kò sì sí àmì ara tàbí orúkọ inú ilé tí kò mọ̀. Nítorí èyí ni ọba ṣe ṣòfin pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọdá odò, àfi bí ìlú òdìkejì bá kọ́kọ́ mulẹ̀ pé àwọn náà yóò pa á mọ́. Ìlú òdìkejì kò tíì mulẹ̀.

Àmọ́ Kújọrẹ, oníyọ̀ láti òdìkejì odò, ti jẹun nílé Fátúnkẹ́ títí tí kò fi kà á sí àlejò mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó yin iṣẹ́ rẹ̀, ó bi í pé ìbí wo ló le jù. Ẹ wo ohun tí ìyìn ń fi àgbàlagbà ṣe!

"Ti Àdùfẹ́, ọmọ Mórẹ̀nikẹ́ ni," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Àmì dúdú wà lábẹ́ abíyá òsì rẹ̀. Bámijókòó ni bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ ọ́. Ilé wọn àti èmi nìkan la mọ̀ ọ́n."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ fún ìyá Mórẹ̀nikẹ́. Ó ní Mórẹ̀nikẹ́ ló rán òun láti oko, kí òun mú ọmọ wá.

Ìyá àgbà kò gọ̀. "Kí ni àmì ara rẹ̀? Kí ni orúkọ rẹ̀ nínú ilé?"

Ọkùnrin náà dáhùn láìkọsẹ̀. Ìyá àgbà fa ọmọ lé e lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, Mórẹ̀nikẹ́ nìkan ló ti oko dé.

"Èmi kẹ̀? N kò rán ẹnikẹ́ni!"

Wọ́n sáré dé etí odò. Ọkọ̀ tó gbé ọkùnrin náà àti ọmọ ti gúnlẹ̀ sí òdìkejì, níbi tí òfin ọba wọn kò dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Fátúnkẹ́, ó gbé igbá ẹyin awó tí Kújọrẹ fi ta á lọ́rẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Kújọrẹ nìkan… Kújọrẹ nìkan ni mo sọ fún."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ lọ kó ọ̀rọ̀ yín padà, Ìyá!" ni Mórẹ̀nikẹ́ ń ké. "Ẹ lọ kó o padà lẹ́nu rẹ̀!"

Fátúnkẹ́ kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kó ẹyin sínú igbá. Iyanrìn nìkan ló ń rí kó.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.