Ohun Tí Àrínpé Bèèrè Kó Tó Fọwọ́ Kan Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìbéèrè Àrínpé ti sú àwọn tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀ ní Ìwó. Ọmọ ogójì ọdún ni nígbà tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tó sì lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Òṣogbo tó ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó tún ń bá wọn wáṣẹ́. Bí olùkọ́ bá ti sọ̀rọ̀, Àrínpé á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló fà á?" Àwọn yòókù á pòṣé.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwòsàn kan wá mú òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n ṣe ojú ìwé tí aláìsàn yóò ti máa gba ọjọ́ tí yóò rí dókítà lórí fóònù. Kíá ni gbogbo wọn ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Àrínpé kò níṣẹ́ tí yóò padà sí mọ́, síbẹ̀ ó kọ́kọ́ nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn wo ló pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn yín?"

"Àwọn arúgbó ni."

"Ṣé wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé ojú wọn ń rí lẹ́tà kéékèèké?"

Ọ̀gá náà gbójú sókè. "Rárá o."

Àrínpé wá jókòó, ó fi Yorùbá kọ tirẹ̀, ó sì mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi dáadáa. Nígbà tí ọ̀gá wo iṣẹ́ gbogbo wọn tán, iwájú Àrínpé ló padà sí.

"Ẹ̀yin ni mo mú, mà. Ṣé ìbéèrè ṣì kù?"

"Ọ̀kan ló kù, sà. Ọjọ́ wo ni kí n bẹ̀rẹ̀?"