Kànìnkànìn Nínú Ọ̀sà

Ní etí ọ̀sà, apẹja kan wà tí kì í bá ìdọ̀tí gbé. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, ọkọ òun á fẹ́ gbá ẹrẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ọgbà ẹja ló jogún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọgbà ẹja níbẹ̀ nìyí. Wọ́n á ri ẹ̀ka igi mọ́ ibi tí omi kò ti jìn, wọ́n á fi sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí ọdún á fi yípo. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká lójú àwọn àgbà, wọ́n á fa ẹ̀ka jáde, wọ́n á kó ẹja. Ọgbà tó bá ṣófo lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, baálẹ̀ á gba ojú omi náà fún ẹlòmíràn.

Ọkùnrin yìí tukọ̀ lọ wo ogún rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀ka kan, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ohun yíyọ̀ kan, aláwọ̀ ewé, ti bo gbogbo igi náà, kòkòrò tín-tìn-tín ń rìn lára rẹ̀, edé sì rọ̀gbà yí i ká.

Ó ní, "Ṣé inú ẹ̀gbin yìí ni ẹja ńláńlá bàbá mi ń gbé?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi fa ẹ̀ka yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi kànìnkànìn àti yanrìn fọ̀ wọ́n, ó bó èèpo wọn, ó dá wọn padà ní funfun báláú. Ó fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó edé àti ẹja kéékèèké dànù, kí àwọn ẹja ńlá bí òbòkún lè ráyè. Àwọn aládùúgbò ń wò ó. Ẹni tó ń fọ omi, kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún un?

Ọjọ́ kíkó pé. Akàn kan ṣoṣo ló wà nínú àwọ̀n, inú sì ń bí òun náà. Baálẹ̀ ní, "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan." Ojú ti ọkùnrin náà débi pé ó sunkún nínú ọkọ̀ lójú gbogbo èèyàn. Omi tí bàbá rẹ̀ fi bọ́ ọ dàgbà ló fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ yẹn.

Ìyá rẹ̀ gba òbòkún kan lọ́wọ́ aládùúgbò, ó pè é wá sídìí ààrò, ó la inú ẹja náà. Ẹja kékeré kan wà níbẹ̀. Ó la ìyẹn náà, ó bá edé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ edé náà, omi aláwọ̀ ewé jáde. Ó na ìka náà sí i.

"Ọmọ mi, ohun tí o fi kànìnkànìn fọ̀ dànù nìyí."

"Màmá, ẹ̀yin náà! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ọmọ tuntun tó ń gbé kànìnkànìn kiri ńkọ́? Ṣé o bi mí ni?"

Ọkùnrin náà gé ẹ̀ka tuntun, tèèpo tewé, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ọwọ́ ń yún un, ṣùgbọ́n ó kó o sábẹ́ itan. Bó bá tukọ̀ kọjá, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ omi, á ní fún àwọn edé, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọdún yípo, ọkùnrin mẹ́fà ló fa àwọ̀n rẹ̀. Baálẹ̀ gba orí òbòkún tó tóbi jù, ó gbé e lọ sílé. Ẹni tó ni ọgbà náà jókòó sínú ẹrẹ̀, tòun ti aṣọ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Oyèníran, ìwọ ni mo pa àlọ́ yìí fún. Wọ́n fi ọ́ ṣe ọ̀gá ilé ìwé, inú gbogbo wa dùn. O wá ní o fẹ́ ti jẹ́lé-ó-sinmi pa, nítorí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pariwo, wọ́n ń tọ̀ sílẹ̀, ìyá tó ń kọ́ wọn kò sì gba ife ẹ̀yẹ kankan wálé rí. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tó ń gbégbá orókè nìkan lo fẹ́. Mo gbọ́. Ta ló kọ́kọ́ di ọwọ́ wọn mú kọ A, B, D? Ìwọ náà, ta ló di ọwọ́ tìẹ mú? Ìyá yẹn ni. Dìde, lọ kí i kú iṣẹ́, má sì mú kànìnkànìn dání.