Jẹjẹrẹ Ṣẹ́gilọlá àti Ọ̀bẹ Pọ̀nmọ́

Ṣẹ́gilọlá tó ń ta pọ̀nmọ́ kò gbà pé ohun kan wà tí ọ̀bẹ kò lè yanjú. Ibi tí kò bá dára lára awọ, á ti gé e sọnù kí oníbàárà tó rí i. Nígbà tí dókítà wá sọ fún un pé jẹjẹrẹ kan wà nínú ọrùn rẹ̀ tí kò ju hóró àgbàdo lọ, ńṣe ló na ọrùn síwájú.

"Gé e kúrò lónìí!"

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Irú èyí kì í sáré, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ abẹ lè ba ohùn yín jẹ́. Ẹ máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà ká máa ya àwòrán rẹ̀ wò. Bó bá dàgbà, a ó gé e."

Ohùn yẹn ló fi ń polówó ọjà. Síbẹ̀, tìbínútìbínú ló délé, tó ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Wọ́n ní kí n máa sin jẹjẹrẹ bí ẹni ń sin ewúrẹ́!"

Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. "Ìyá Ráfíù, bí yànmùyánmú bá bà lé mi lẹ́pọ̀n, ṣé ọ̀bẹ yẹn lo máa fi pa á?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Sùúrù la fi ń pa á."

"O gbọ́ ẹnu ara rẹ?"

Ẹ̀rín pa Ṣẹ́gilọlá, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó pé ọdún mẹ́ta báyìí. Kò pa àyẹ̀wò kankan jẹ, hóró náà kò sì tóbi sí i. Lọ́jọ́ tó gbọ́ èsì àyẹ̀wò ìkẹyìn, ó gbé ọ̀bẹ sókè nínú ọjà, ó figbe ta: "Pọ̀nmọ́ rèé ooo!"

Ọkọ rẹ̀ tó jókòó tì í yára fọwọ́ bo ibẹ̀.

"Rọra o, Ìyá Ráfíù! Yànmùyánmú kankan ò bà lé mi!"