Ọ̀dùnkún Ilẹ̀ Adágún

Mo fi ẹsẹ̀ tó gbé mi kiri ayé búra, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kì í ṣe àlọ́.

Ní ẹ̀rùn ọdún kan, rédíò ní òjò ò ní rọ̀ ní agbègbè adágún wa fún oṣù márùn-ún gbáko. Omi fà sẹ́yìn, Àkànmú aládùúgbò mi sì gbin ọ̀dùnkún sórí ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí èmi, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń wà á, ara ò rọ̀ wá. Eèrà ń gbé ẹyin wọn gòkè, omi etí adágún sì ti pọ́n bí amọ̀.

"Bàbá Rónkẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ," ìyàwó rẹ̀ wí. "Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀."

Àkànmú rẹ́rìn-ín. "Ìyá Rónkẹ́, ṣé ojú ọ̀run ṣú ni? Àbí eèrà ló ń ka ìròyìn báyìí?"

Rédíò ò kúkú purọ́. Ẹ̀kán òjò kan ò kán sí wa lára. Òkè odò tó ń ṣàn wọ adágún wa ló ti rọ̀, odò sì rù ú wá bá wa. Nígbà tí omi dé orúnkún, èmi àti ìyàwó rẹ̀ sá bọ́ sínú ọkọ̀ tí a gbé wá, a na àjẹ̀ sí Àkànmú.

"Ẹ ju àpò ọ̀dùnkún yẹn nù! Ẹ di àjẹ̀ mú!" obìnrin náà ń ké.

Omi ti mù ún dé ìbàdí, ó ṣì ń bẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ wa ọ̀dùnkún nísàlẹ̀.

"Ó ku ebè kan," ló wí.

Ìgbì bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó sọ kẹ́yìn, ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ.

"Ó ku ebè kan."