Òkété Kó Ẹrù Lọ Sétí Odò Alámọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ pẹja létí odò, kí lẹ máa gbé dání?

Adéwùmí ní àwọ̀n mẹ́ta. Mo gbọ́. Ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ní òun á gbé ìwọ̀, á gbé àdá, á gbé garawa, á tún gbé àpótí tí òun á fi jókòó. Mo gbọ́ tìẹ náà. Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ kó yáa lọ tọ̀ nísinsìnyí, torí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí amọ̀, ó di Òkété mú, ó di Ẹtu ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀dá dá ní ìlú àwọn ẹranko. Iṣu ò ta, àgbàdo ò yọmọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ń jẹ ni ẹja inú odò Alámọ̀. Kò sí ọkọ̀ lórí odò yìí, etí rẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja. Amọ̀ pupa ló sì wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹja ibẹ̀ kì í gbé ojú kan. Bó o bá ju ìwọ̀ síbí tí ẹja ò jẹ, wàá rìn síwájú, wàá tún jù ú. Ẹni tó máa rìn báyìí látàárọ̀ dọ̀sán, ẹrù kékeré ló yẹ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àṣà kan. Méjì méjì ni wọ́n ń lọ, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn. Oníkálukú á mú ọ̀pá ìwọ̀ kan lọ́wọ́, á gbé agbọ̀n kan kọ́ èjìká, á di ekòló rẹ̀ sínú ewé, á jù ú sínú agbọ̀n. Ó parí. Ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ ṣófo. Ọwọ́ òfo yẹn kì í ṣe tìẹ, ti ẹnìkejì rẹ ni. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ ọ́, tirẹ̀ ló máa fi mú ọ. Baba Ọ̀bọ ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà odò láràárọ̀. Kí o tó kọjá, wàá na ọwọ́ òfo rẹ sókè fún un. Á wò ó, á ní, "Ó dáa, ẹ máa lọ."

Òkété ńkọ́? Ẹ mọ Òkété. Ihò rẹ̀ kún dé ẹnu. Kò láya, kò lọ́mọ, ẹrù ni ará ilé ẹ̀. Ohun tí kò bá wúlò lónìí, á ní ó lè wúlò lọ́la. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a rìn lọ sódò mọ́, torí ojoojúmọ́ ni Baba Ọ̀bọ ń dá a padà, tí ẹnìkejì ẹ̀ á sì bá a padà lófìfo.

Ẹtu nìkan ni kò kọ̀ ọ́. Ilé tó kọjú sí ti Òkété ni Ẹtu ń gbé, òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ẹja tí Ẹtu bá pa ni ìyá ń jẹ. Láràárọ̀ ni Ẹtu máa ń yọjú: "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o jí dáadáa?" Ní gbogbo ìlú, Ẹtu nìkan ló ń bi Òkété bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Òkété dá ọgbọ́n. Nírọ̀lẹ́, ó kó ẹrù rẹ̀ gba ẹ̀yìn ìlú, ó lọ fi pamọ́ sínú igbó etí odò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun àti Ẹtu dé ọ̀dọ̀ Baba Ọ̀bọ. Òkété tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè pẹrẹsẹ.

Baba Ọ̀bọ ní, "Òkété, ìwọ náà ti gbọ́n."

"Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ mi, Baba."

Wọ́n dé etí odò. Òkété yà sínú igbó, wọ́rọ́wọ́rọ́, ó ń fa nǹkan jáde.

"Ọ̀rẹ́, kí nìyí?"

"Ìgèrè ni. Ẹja tí kò bá jẹ ìwọ̀, á wọ ìgèrè."

"Mẹ́ta ńkọ́?"

"Bí ọ̀kan bá ya."

"Ìkòkò ńkọ́?"

"Bí ebi bá pa wá, a óò se ẹja níbẹ̀."

"Ẹja tá ò tí ì pa?"

"A óò pa á."

"Àpótí yìí?"

"Ìdí mi ò gbọdọ̀ kan amọ̀."

"Ó dáa, ìdí rẹ nìyẹn. Fìtílà ńkọ́, lójú ọ̀sán gangan?"

"Ẹtu, o ò mọ bí ayé ṣe ń rí. Ilẹ̀ lè ṣàdédé ṣú."

Ẹtu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Òkété ò rẹ́rìn-ín. Ó fi okùn so ìkòkò mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, ó so ìgèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì, ó ta kókó le dan-in. Ó gbé àpótí rù, ó fi fìtílà kọ́ ọrùn. Nígbà tí Ẹtu rí kókó yẹn, ẹ̀rín lọ lójú ẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ mí, kí lo máa fi mú mi?"

"O ò ní yọ̀. Ẹni tó bá ń wo ibi tó ń lọ kì í yọ̀."

"Sọ díẹ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀ ọ́."

"Èwo ni kí n sọ nínú ẹ̀?"

Ẹtu wo ẹrù, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí òun bá padà lọ sọ fún Baba Ọ̀bọ, wọn ò ní jẹ́ kí Òkété dé odò mọ́ láé. Ìyá náà ò sì tí ì jẹun láti àná. Ẹtu bọ́ síwájú.

Wọ́n rìn, wọ́n rìn. Ẹtu pa ẹja méjì. Òkété ò tí ì ju ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó tó sọ ẹrù tán níbì kan, Ẹtu á ti ṣí lọ síwájú, òun náà á tún dì í. Ó ń rìn wọ́ọ́kọ́ wọ́ọ́kọ́ lẹ́yìn, ìgèrè ń gbá a lẹ́sẹ̀.

Ibi tí odò ti yí kọ́rọ́, amọ̀ ibẹ̀ jìn. Ẹsẹ̀ Ẹtu yọ̀, yọ̀ọ̀ọ̀, ó di inú omi, gbòmù. Ó fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò mú, ó na èkejì sí Òkété, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é: "Ọwọ́ dà o, ọwọ́ dà."

Òkété ọ̀rẹ́ mi, omi mù mí dórúnkún,
*Ọwọ́ dà o, ọwọ́ dà.*
Gbòǹgbò tí mo dì mú ò lágbára,
*Ọwọ́ dà o, ọwọ́ dà.*
Ìyá mi ń retí ẹja nílé,
*Ọwọ́ dà o, ọwọ́ dà.*

Òkété ní, "Mo ń bọ̀, ọ̀rẹ́. Jẹ́ kí n sọ ìkòkò kalẹ̀ kó má baà fọ́." Ó tú kókó ọwọ́ ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tún yẹ ìdí ẹ̀ wò bóyá ó ti sán.

Òkété ọ̀rẹ́ mi, omi mù mí dé ìbàdí,
*Ọwọ́ dà o, ọwọ́ dà.*
Gbòǹgbò tí mo dì mú ti ń já,
*Ọwọ́ dà o, ọwọ́ dà.*
Ìyá mi ń retí ẹja nílé,
*Ọwọ́ dà o, ọwọ́ dà.*

"Mo dé tán, ọ̀rẹ́. Àpótí ni mi ò fẹ́ kó yí sómi." Ó sọ àpótí, ó wá ibi tó tẹ́jú fún un. Ó bọ́ fìtílà lọ́rùn, ó gbé e lé àpótí kí epo má baà dànù.

Òkété ọ̀rẹ́ mi, omi mù mí dé ọrùn,
*Ọwọ́ dà o, ọwọ́ dà.*

"Ìgèrè nìkan ló kù." Ó ń tú kókó ọwọ́ òsì. Kókó le. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ: eyín Òkété ń la ẹ̀kùrọ́. Bó bá gé okùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, kíá ló máa já. Kò gé e. Ó ní okùn dáadáa ni, kì í ṣe okùn àgékù. Ó ń tú u, ó ń tú u. Nígbà tó tú u tán, ó na ọwọ́ méjèèjì sí odò.

Omi ń lọ. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ó pè é: "Ẹtu o." Ó tún pè é. Ẹ má gbè é mọ́, ẹ̀yin ọmọ. Kò sẹ́ni tó ń lé orin mọ́.

Òkété dúró títí oòrùn fi yẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ẹrù rẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, ó gba ẹ̀yìn ìlú wọlé. Ó wá lọ bá Baba Ọ̀bọ, ó ń sunkún. "Ẹrẹ̀ ló mú ọ̀rẹ́ mi lọ, Baba."

Àwọn ẹranko sáré lọ wá Ẹtu. Wọn ò rí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé oòrùn ti sá amọ̀ gbẹ. Ojú ìdí ìkòkò wà níbẹ̀ roboto. Ojú ẹsẹ̀ àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀. Ojú ìgèrè mẹ́ta wà níbẹ̀. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìgbà téèyàn ń pàtẹ ọjà. Baba Ọ̀bọ wò wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó yí padà, ó lọ sílé, gbogbo ìlú sì tẹ̀lé e.

Kò sẹ́ni tó bú Òkété. Bí wọ́n bá bú u, ì bá sàn. Ó kan ilẹ̀kùn Ehoro: "Bá mi rìn lọ sódò. Ìwọ̀ kan ni mo máa mú, mo búra." Ehoro ní òun ti ní ẹnìkejì. Ó kan ti Ọ̀yà. Ọ̀yà ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ẹni tí kò bá ní ẹnìkejì ò lè dé odò. Òkété padà sínú ihò, ó jókòó lórí àpótí, ó tan fìtílà. Ìkòkò wà níbẹ̀, kò sẹ́ja. Bílẹ̀ bá mọ́, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Ìkòkò ò bi í pé ṣé ó jí dáadáa. Ìgèrè náà ò bi í.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, kò lè gbé e mọ́. Ó sọdá sí ilé ìyá Ẹtu. Àwọn ará ìlú ló ń gbé ẹja wá fún ìyá báyìí.

"Ta nìyẹn?"

"Òkété ni, Ìyá."

"Mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọlé, jókòó. Ìwọ lo bá ọmọ mi jáde. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Ta ló pa á?"

"Ẹrẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹrẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí n tó bí i. Mo rìn lórí ẹ̀ nígbà èwe mi, mo sì wálé."

"Gbòǹgbò tó dì mú ló já."

"Gbòǹgbò kọ́ ló bá a jáde nílé."

"Okùn ni, Ìyá. Kókó ẹ̀ ti le jù."

"Okùn ló ta ara ẹ̀ ní kókó?"

Òkété wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ dúró ná. Kó tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀kọ́ àlọ́ mi, torí bó bá ti dáhùn, ẹnu mi pa dé nìyẹn. Ẹni tó ń pẹja létí odò, ìwọ̀ kan àti agbọ̀n kan tó o. Ẹrù tó bá ti gba ọwọ́ tó yẹ kó o fi mú ẹnìkejì rẹ, ó ti pọ̀ jù, ì báà fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹrù nígbà tí èèyàn ń pè é, ẹrù náà ló máa bá gbélé. Mo ká àlọ́ mi nílẹ̀ níbí. Bí mo bá pa irọ́ kan mọ́ ọn, kí orin mi má rí ẹlẹ́gbè mọ́.

Ìyá Ẹtu tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Ta ni?"

"Èmi ni, Ìyá. Èmi Òkété ni."